Ọdẹ́gbèmí àti Kẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́sẹ̀ Tata

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yí mi ká, ẹ tú ẹsẹ̀ yín ká dáadáa, kí ẹni tó bá fẹ́ tòògbé sì lọ sùn sílé ìyá rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi kì í ṣe oúnjẹ ẹlẹ́nu kéréje. Kí Ọba tó jí wa lónìí má ṣe fi oorun àìnídìí kùn wá. Èmi arúgbó ọdẹ tí ẹ ń wò yìí ti fi ọwọ́ òsì ti àmọ̀tẹ́kùn kúrò lórí ẹran tí mo pa, ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi àmọ̀tẹ́kùn. Ṣùgbọ́n n kò ní sọ ti ara mi lónìí. Ti Ọdẹ́gbèmí ni màá sọ, ẹ̀gbọ́n mi nínú iṣẹ́ ọdẹ, ọkùnrin tó gun kẹ̀kẹ́ ológeere wọ igbó iwin.

Ní ọdún náà, àrùn kan wọ àká iṣu ní Ìdóàpá àti ní ìlú mẹ́fà tó yí i ká. Ẹ ó wo iṣu, ara rẹ̀ á dán. Ẹ ó fi ọ̀bẹ kàn án, omi dúdú á tú jáde. Kò sí ẹni tó ní èèbù tí yóò gbìn. Ti gbogbo ayé ni ìyẹn, ṣùgbọ́n ti Ìbídùn, àbúrò Ọdẹ́gbèmí, tún ju ti gbogbo ayé lọ. Opó ni. Ọkọ rẹ̀ fi ọmọbìnrin méjì sílẹ̀ fún un, ó sì fi oko kan sílẹ̀ lẹ́bàá odò. Òfin ilẹ̀ wa nígbà náà ni pé opó lè dá oko ọkọ rẹ̀ títí ayé, bó bá ti ń gbìn ín lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n bí òjò kẹta nínú ọdún bá rọ̀ tí kò sí èèbù kan ṣoṣo nínú ilẹ̀ náà, ilẹ̀ padà sọ́wọ́ ẹbí ọkọ.

Láṣebìkan ni àbúrò ọkọ rẹ̀ ń jẹ́. Kò jà, kò pariwo. Lọ́jọ́ kejì tí òjò kìn-ín-ní rọ̀, ó wá kí i.

"O kú ìmọ́jú, ìyàwó."

"Ẹ kú ìmọ́jú, ọkọ mi."

"Mo ní kí n yà wo ilẹ̀ wa ni."

"Ilẹ̀ wa ń bẹ níbẹ̀. Kì í rìn."

"Òótọ́ ni," ni Láṣebìkan wí, "òjò ló ń rìn."

Ó lọ. Ìbídùn kò jókòó sunkún. Ó gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní èèbù tí àrùn kò mú wà lórí Òkè Abìjánú."

"Ó wà níbẹ̀."

"Ta ló ti lọ mú un rí?"

"Àwọn tó lọ pọ̀," ni Ọdẹ́gbèmí wí. "Àwọn tó bọ̀ ni n kò mọ̀."

Ìbídùn dìde, ó yíjú sí ọ̀nà ilé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sì lè gba ìyẹn mọ́ra. "Ṣé mo ní n kò lọ ni? Ṣé o rò pé tìtorí ẹ̀wà ojú ni wọ́n ṣe ń pè mí ní baba ọdẹ? Lọ máa kọ ebè rẹ sílẹ̀. Kí òjò kẹta tó rọ̀, màá gbé èèbù dé."

Kẹ̀kẹ́ tí ó gùn ni kí n wá sọ fún yín. Àlejò òyìnbó kan tó máa ń wá gun àwọn òkè wa ló fi ta á lọ́rẹ, lọ́jọ́ tí Ọdẹ́gbèmí fà á yọ nínú ọ̀fìn ẹfọ̀n. Kì í ṣe irú kẹ̀kẹ́ tí tíṣà ń gùn lọ sílé ìwé. Ó ní ṣọ́ọ̀kù méjì níwájú, ó ní ọ̀kan gbàgbà lẹ́yìn lábẹ́ ìjókòó, tó fi jẹ́ pé bó bá bọ́ sí kòtò, á tẹ orúnkún bí tata, á sì nà án padà. Táyà rẹ̀ nípọn, wọ́n ní eyín bí ẹnu ọ̀nì. Ọdẹ́gbèmí so apẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó wọ gbérí ọdẹ rẹ̀ tí oògùn àti ìwo ẹran bò, ó gbé ìbọn baba rẹ̀ kọ́ èjìká, ó gbàdúrà ṣókí, ó sì lọ.

Igbó Gbòǹgbò ló kọ́kọ́ wọ̀. Nínú igbó yẹn, gbòǹgbò igi kì í sùn sílẹ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀, wọn á ká ẹ̀yìn sókè bí ológbò tó rí ajá. Wọ́n ká ẹ̀yìn. Kẹ̀kẹ́ tẹ orúnkún, ó nà án, ó ń fò wọ́n bí ọmọ tó ń fo okùn. Ọdẹ́gbèmí bẹ̀rẹ̀ sí í yin ara rẹ̀, ó sì ń yin ara rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó pàdé Adúró-wòye, oníbodè igbó náà. Orúnkún ni ojú iwin yìí wà. Bó bá jókòó, òkè ló ń wò. Àfi kó dìde kó tó rí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ó dìde.

"Ọdẹ, àlọ́ mẹ́ta ni owó ibodè níhìn-ín. Lórí ohun tí o gùn yìí, kí ló kan ilẹ̀? Kí ló kan ìwọ? Kí ló ń dá ọ dúró?"

Ọdẹ́gbèmí rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rù mi ló kan ilẹ̀. Ògo ló kan èmi. Ẹni tí yóò dá mi dúró, ìyá rẹ̀ kò tíì lóyún rẹ̀."

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lo ṣì," ni Adúró-wòye wí. "Kọjá."

"Ẹ ò ní lù mí?"

"Ta ló ráyè? Ọ̀nà máa lù ọ́. Gbọ́, ìlú méjì wà níwájú tí wọ́n ti ń pààrọ̀ nǹkan ara kẹ̀kẹ́. Wọn kò mọ owó. Ọ̀kan fún ọ̀kan ni, ohun tó bá sì ti kúrò lọ́wọ́ rẹ kì í padà." Ó jókòó, ó sì ń wo òkè.

Ìlú kìn-ín-ní ni Ìlú Dídán. Ẹ̀yin ènìyàn mi, níbẹ̀, wọ́n ń fi epo nu ara ewúrẹ́ láàárọ̀ kí ó tó jẹko. Òkúta ẹnu ọ̀nà ń tàn. Àwọn arúgbó wọn kì í rìn lọ́sàn-án kí orí pípá wọn má baà fọ́ ara wọn lójú. Ẹlẹ́nu-oyin ni olórí àwọn oníṣòwò ibẹ̀, ọkùnrin tín-ín-rín kan tí ahọ́n rẹ̀ gùn ju apá rẹ̀ lọ. Kò kí Ọdẹ́gbèmí, kò bi í léèrè ibi tó ń lọ. Ó kàn la ẹnu, ó ń fi oríkì rẹ̀ àti orúkọ baba rẹ̀ kì í:

"Àtàndá, ọmọ Ọdẹ́jayé,
ọmọ a-rí-kìnnìún-má-yẹsẹ̀,
ọmọ a-fìrù-ẹfọ̀n-nu-ìlẹ̀kùn.
Ẹkùn kú, ó fi awọ sílẹ̀ fún baba rẹ;
baba rẹ kú, ó fi igbó sílẹ̀ fún ọ.
Igbó ń wò ọ́, Àtàndá, ojú igbó kò fẹ́ rí irin tí kò dán."

Ẹ mọ bí ó ṣe ń rí. Ọmọ tí a kọ́ nílé, bí wọ́n bá kì í débi egungun baba rẹ̀, orí rẹ̀ á wú, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni tó kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Ìtìjú ìdílé ni. Ọdẹ́gbèmí ń wá ohun tí yóò fi ta á lọ́rẹ.

"Má wá nǹkan kan, ọmọ Ọdẹ́jayé," ni Ẹlẹ́nu-oyin wí. "Táyà eléyín yìí ni kó o fún mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí láti fọwọ́ kàn án. Gba èyí dípò rẹ̀." Ó gbé táyà méjì jáde, tẹ́ẹ́rẹ́, dídán bí ojú omi, wọ́n yí ríìmù wúrà po, ìka kan gbé wọn sókè. Ọdẹ́gbèmí kò bèèrè ohun tí wọ́n ń ṣe lójú ọ̀nà. Ó pààrọ̀. Gbogbo ìlú tẹ̀ lé e dé ẹnu odi, wọ́n ń wo ojú ara wọn nínú ríìmù rẹ̀.

Olúgbódi, mo rí ọ bí o ṣe ń rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún. Ta ló ra ìlẹ̀kùn onídígí sí ilé tí òrùlé rẹ̀ ń jò? Jẹ́ kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Kò tíì rìn jìnnà tí òjò kejì rọ̀. Ó sì jẹ́ pé ìdàgẹ̀rẹ̀ alámọ̀ ló wà níwájú, amọ̀ náà sì lẹ́nu. Bí Ọdẹ́gbèmí bá ti gun kẹ̀kẹ́, táyà dídán á yọ̀ bí ọṣẹ lọ́wọ́ ọmọdé, amọ̀ á sì fi ẹnu gbà á. Lẹ́yìn ìṣubú kẹta, àwọn amọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta tẹ́tẹ́ lé e lórí láàárín ara wọn.

"Ọ̀tún ló máa gbà ṣubú."

"Rárá, ẹ wo bó ṣe di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Òsì ni."

Ó gba iwájú ṣubú, àwọn méjèèjì sì pàdánù. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀keje, ó gbé kẹ̀kẹ́ lé orí, ó fi ẹsẹ̀ wọ́ jáde nínú amọ̀ náà. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ kúrò nílé di ẹni tí kẹ̀kẹ́ ń gùn. Ìyẹn ló mú kó rántí oníbodè. Kí ló kan ilẹ̀? Ó gbójú sókè wo táyà wúrà tó ń kan òun lórí.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé ìlú kejì, ìlú àwọn alágbẹ̀dẹ. Obìnrin kan ló bá lábẹ́ àtíbàbà. Ọwọ́ mẹ́rin ni obìnrin náà ní: mẹ́ta ń ṣiṣẹ́, ìkẹrin ń kó ẹ̀pà sẹ́nu.

"Ẹ kú iṣẹ́, ìyá."

"O káre, ọkọ wúrà. Ìlú Dídán lo gbà wá."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Amọ̀ wà nínú etí ẹ."

Ọdẹ́gbèmí nu etí rẹ̀. "Ẹ bá mi wo kẹ̀kẹ́ yìí. Gbogbo ohun tó dára jù tẹ́ ẹ bá ní, ẹ fi sí i."

"Jókòó lé e."

"Ohun tí mo wí ni pé kẹ́ ẹ fi..."

"Mo gbọ́. Jókòó lé e ná."

Ó jókòó. Kẹ̀kẹ́ kúnlẹ̀ gbìì. Ìyá Alágbẹ̀dẹ fi ẹfun fa ìlà sí ara ṣọ́ọ̀kù, ó wo ìlà náà, ó mi orí. "Ẹni tó fún ọ ní kẹ̀kẹ́ yìí, ènìyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Afẹ́fẹ́ tó lè gbé irú rẹ̀ ló wà nínú ṣọ́ọ̀kù yìí. Ìwọ sanra. Èèbù mélòó lo fẹ́ gbé?"

"Ogójì."

Ó kó òkúta tó wúwo tó ogójì èèbù sínú apẹ̀rẹ̀. Ó fa pọ́ǹpù kékeré kan yọ, ó fún afẹ́fẹ́ sí i, ó ní kí Ọdẹ́gbèmí dìde, ó ní kó jókòó, ó fa ìlà mìíràn, ó tún fún un, títí kẹ̀kẹ́ fi ń tẹ orúnkún díẹ̀ tí kò kúnlẹ̀ mọ́. Ó tún gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sókè díẹ̀ kí èjìká rẹ̀ lè sinmi. "Ibi tí ó ti kàn ọ́ nìyẹn," ni ó wí. "Ìdí, ọwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀. Ṣé ó ń dùn ọ́ níbì kan?"

"Kò dùn mí mọ́." Ọdẹ́gbèmí rántí àlọ́ kejì, ojú tì í díẹ̀. "Kí ni kí n san?"

"Ọ̀fẹ́ ni. Ohun tí o ti ní tí o kò mọ̀ ni mo fi hàn ọ́. Ohun tí o kò ní ló ń gba pààrọ̀."

Táyà eléyín wà lára ògiri rẹ̀, ó nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọdẹ́gbèmí na ríìmù wúrà sí i.

"Wúrà?" ni ìyá wí. "Àwọn ewúrẹ́ mi ń fi ìyẹn ṣeré. Bọ́ gbérí rẹ."

Gbérí tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ láti òkèèrè, ó bọ́ ọ. Ìyá fi táyà sí i, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò, ó tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ jáde. "Kó lè gba ìrísí ilẹ̀," ni ó wí. "Táyà tó le bí orí olóríkunkun, ilẹ̀ á jù ú nù."

Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìbọn rẹ ṣẹ́ kù. Yan ẹyọ kan."

Ohun mẹ́rin ló tẹ́ sílẹ̀. Egungun kẹ̀kẹ́ kan wà níbẹ̀ tó fúyẹ́ bí akèrègbè gbígbẹ. Ṣéènì kan wà pẹ̀lú eyín méjìlá tó ń sọ òkè di pẹ̀tẹ́lẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni. Ìjókòó kan wà tó ń rẹlẹ̀ tó ń ga bí a bá tẹ bọ́tìnì. Ìkẹrin ni bíréèkì kan, irin pẹrẹsẹ méjì bí abọ́, kò dán, kò fúyẹ́, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ọkàn Ọdẹ́gbèmí lọ sára egungun kẹ̀kẹ́ náà. Ó gbé e, ó rí ara rẹ̀ tó ń fò gòkè bí àwòdì. "Ìyá, èwo lẹ máa mú bó bá jẹ́ ẹ̀yin?"

"Èmi? Èmi ò lọ síbì kankan." Ó da ẹ̀pà sẹ́nu.

Ọdẹ́gbèmí rántí àlọ́ kẹta. Ó wo òkúta tó wà nínú apẹ̀rẹ̀, ó sì rí Ìbídùn níbi tó ti ń kọ ebè sínú ilẹ̀ tí ènìyàn mìíràn ń ṣọ́. Ó sọ jáde bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ ṣírò: "Nígbà tí mo bá ń gòkè, apẹ̀rẹ̀ òfìfo ni mo gbé. Bí kẹ̀kẹ́ kọ̀, mo lè tì í. Ìgbà tí mo bá ń sọ̀ ni mo ní nǹkan lọ́wọ́. Ẹni tó lọ gbé nǹkan, àbọ̀ rẹ̀ ni ìrìn-àjò." Ó gbé egungun kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ìbọn baba rẹ̀ láti ìdí dé ẹnu, ó sì nà án sí obìnrin náà. "Bíréèkì."

Ìyá Alágbẹ̀dẹ wo ẹnu ìbọn náà. "Yóò dára fún ẹnu ẹwìrì tí mo fi ń fẹ́ iná."

Èmi ọdẹ ni mò ń sọ ìtàn yìí, ọ̀rọ̀ ẹwìrì yẹn sì ń dùn mí títí di òní.

Ó da òkúta kúrò nínú apẹ̀rẹ̀, ó sì ti kẹ̀kẹ́ gun Òkè Abìjánú. Lórí rẹ̀, Alákàá jókòó, baba àgbà kan tí ewé iṣu hù ní irùngbọ̀n rẹ̀, èèbù sì tò yí i ká, kò sí ọ̀kan tí àrùn fọwọ́ kàn.

"Mú iye tí apá rẹ bá ká," ni Alákàá wí. "Àmọ́ kó o mọ̀ pé èèbù òkè yìí kì í fara pa kó dákẹ́. Èyí tó bá gbá nǹkan á ké bí ọmọ tuntun. Àwọn Aṣọ́dàgẹ̀rẹ̀ á sì jí. Wọn kò ríran, etí ni wọ́n ní, wọ́n sì kórìíra gbọ́mọgbọ́mọ."

"Kí ni wọ́n ń ṣe fún gbọ́mọgbọ́mọ, baba?"

"Wọn kì í ṣe nǹkan púpọ̀. Wọ́n kàn máa ń fà á títí á fi gùn."

Ọdẹ́gbèmí fi koríko di èèbù ogójì sínú apẹ̀rẹ̀, ó gbàdúrà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Kò kọrin, kò yin ara rẹ̀. Ó fa ìdí sẹ́yìn, ìka kan lórí bíréèkì. Òkúta tó tó orí ẹfọ̀n wá sábẹ́ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tẹ orúnkún, ó nà án, èèbù kò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Eyín táyà bu ilẹ̀ jẹ, wọn kò jù ú sílẹ̀. Nígbà tó yà ní igun kan, ilẹ̀ tán. Ọ̀gbun ni. Ó fún bíréèkì mọ́lẹ̀, kẹ̀kẹ́ sì dúró gbọn-in, táyà iwájú ku ìbú ọwọ́ kan sí etí rẹ̀. Ó bojú wo ìsàlẹ̀. Àwọn egungun kẹ̀kẹ́ pọ̀ níbẹ̀ jìgàn-ìn, gbogbo wọn fúyẹ́, gbogbo wọn ń dán, egungun àwọn tó gùn wọ́n sì wà láàárín wọn.

Ó yọ ara rẹ̀ kúrò létí ọ̀gbun. Níbi tó ti ń yí kẹ̀kẹ́ padà ni èèbù kan ti bọ́ lókè apẹ̀rẹ̀, ó gbá òkúta, ó sì ké ńgà.

Ìdàgẹ̀rẹ̀ mí. Àwọn Aṣọ́dàgẹ̀rẹ̀ ti ń yọ lára àpáta, wọ́n pẹrẹsẹ bí ẹní, etí nìkan ni gbogbo orí wọn. Ọwọ́ Ọdẹ́gbèmí lọ sí èjìká níbi tí ìbọn máa ń wà. Èjìká òfìfo ló bá. Ó wo èèbù tó ń ké, ó tú àmùrè ìdí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì pọn èèbù náà sẹ́yìn. Ó ń jó díẹ̀díẹ̀ lórí ìdúró bí ó ṣe rí ìyá rẹ̀ tó ń ṣe, ó sì ń kì í:

"Iṣu, dákẹ́, ọmọ a-bẹ́-lórí-tún-hù,
ọmọ a-wọlẹ̀-ní-ẹyọ-kan-jáde-ní-agbo,
a-sùn-sínú-ebè-jí-tòun-tewé,
dákẹ́, ilé kò jìnnà mọ́."

Èèbù ṣe ìsúkè díẹ̀, ó dákẹ́. Àwọn iwin yí Ọdẹ́gbèmí ká. Ọ̀kan fọwọ́ pa àmùrè, ó pa ohun rògòdò tó wà nínú rẹ̀, ó sì fọwọ́ pa ojú Ọdẹ́gbèmí.

"Ìyá ọmọ yìí ní irùngbọ̀n."

"Ìyà ló hù ú, ẹ̀yin àgbà," ni Ọdẹ́gbèmí wí.

Wọ́n rò ó láàárín ara wọn. "Ìyà lè hù ú lóòótọ́," ni èyí tó dàgbà jù wí. "Ìyá ọmọ, ẹ kú ewu. Ẹ rọra máa lọ o, ìdàgẹ̀rẹ̀ ń bẹ níwájú."

"Ẹ ṣé," ni baba ọdẹ Ìdóàpá wí, ó sì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tòun ti ọmọ lẹ́yìn.

Ọjọ́ tó wọ Ìdóàpá, ìkùukùu òjò kẹta ti bo oko etí odò. Ìbídùn dúró láàárín ebè tó kọ, ilẹ̀ ṣófo nínú gbogbo wọn. Láṣebìkan ti dé pẹ̀lú okùn tí yóò fi wọn ilẹ̀, ó ń wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń dúró de oúnjẹ. Ó yíjú sí ìró kẹ̀kẹ́.

"Àna mi, ẹ kú àbọ̀. Ìbọn yín dà?"

"Mo fi gba bíréèkì."

"Gbérí ńkọ́?"

"Mo fi gba táyà."

Láṣebìkan rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. "Ọdẹ lọ sígbó, ó pọn iṣu bọ̀."

Ìbídùn kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gba èèbù náà sọ̀ bí a ti ń gba ọmọ, ó fi ọ̀bẹ gé ibi tó fara pa kúrò, ó fi eérú ra ojú ọgbẹ́, ó sì rì í sínú ebè àkọ́kọ́. Bó ṣe ń fi ọwọ́ bo ilẹ̀ lé e, ẹ̀kán òjò kan kán sí i lẹ́yìn ọwọ́. Òjò sì dé.

Ọdẹ́gbèmí àti Ìbídùn ń gbìn nínú òjò. Láṣebìkan dúró tòun ti okùn rẹ̀, omi ń ṣàn ní àgbọ̀n rẹ̀. Àká tirẹ̀ náà ṣófo, ọmọ rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́fà. Nígbà tó yá, ó sún mọ́ apẹ̀rẹ̀.

"Ìyàwó, mélòó ló kù níbẹ̀?"

Ìbídùn kò gbójú sókè. "Ebè mi wọ́, ọkọ mi. Ẹ fi okùn ọwọ́ yín bá mi na ìlà kó tọ́. Bá a bá dé ìpẹ̀kun oko, ẹ ó mú márùn-ún lọ fún àwọn ọmọ."

Láṣebìkan wo okùn náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó kan orí kan mọ́ ilẹ̀, ó sì ń na ìyókù lọ sí ìpẹ̀kun oko nínú òjò.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tí a bá gùn jáde, kí Ọlọ́run Ọba jẹ́ kó gbé àwa àti ẹrù wa padà délé. Ẹ bá mi bu omi wá, ọ̀fun mi ti gbẹ.